Láti Marrakech gba orí òkè Atlas lọ sí Aït Benhaddou lóòjọ́: ọ̀nà wo ni ká gbà, kí la sì máa béèrè ká tó sanwó?

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. A máa lo ọjọ́ 4 ní Marrakech, lórílẹ̀-èdè Morocco, lópin oṣù Kejìlá. Àgbà mẹ́rin ni wá, ìyá mi tó ti lé ní 70 ọdún wà lára wa, pẹ̀lú ọmọ ọdún 6 kan. A fẹ́ gba ọkọ̀ tó jẹ́ tiwa nìkan pẹ̀lú amọ̀nà, ká gba orí òkè Atlas lọ wo Aït Benhaddou, abúlé olódi àtijọ́ kan, àti àwọn ilé àtijọ́ etí aṣálẹ̀, ká sì padà wá sùn ní Marrakech. Iléeṣẹ́ kan ní àwọn á mú wa dé Telouet, Aït Benhaddou, Ouarzazate “àti Sàhárà” lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ló yẹ ká béèrè kówó tó jáde lápò wa?

ỌnàJíjìn

Ẹ kú ètò o. Ọ̀rọ̀ “Sàhárà” yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́. Òkìtì iyanrìn gíga tí gbogbo ayé ń rí nínú fọ́tò, Merzouga ló wà, ó sì tó nǹkan bí 560 kìlómítà sí Marrakech. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Zagora sún mọ́ Marrakech jù ú lọ, nǹkan bí 350 kìlómítà, àmọ́ òun náà ń fẹ́ kéèyàn sun ibẹ̀ mọ́jú. Ohun tó wà lẹ́yìn òkè Atlas níhà Aït Benhaddou ni aṣálẹ̀ olókùúta: ilẹ̀ pupa, òkè gbígbẹ tí kò ní koríko, àti àfonífojì tí igi dàbínù àti igi álímọ́ńdì hù sí etí omi rẹ̀. Ó rẹwà gan-an, àmọ́ ẹni tó ń retí iyanrìn kò ní rí i níbẹ̀.

Ẹ wá wo ìṣirò ọ̀nà. Láti Marrakech sí Aït Benhaddou lójú títì N9 súnmọ́ 190 kìlómítà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wákàtí méjì péré ni. Níbí, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin ni, láìka ibi tí ẹ bá ti dúró mu tíì, torí kọ́nà lórí kọ́nà ni, tírélà sì lè máa rọra gun òkè níwájú yín fún ìṣẹ́jú 20. Àlọ àti àbọ̀ ti gba wákàtí 7 sí 8 lọ́wọ́ yín ná. Ìlú Ouarzazate wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí iwájú Aït Benhaddou, tó túmọ̀ sí pé ẹ máa tún rin 60 kìlómítà mìíràn.

Ti Telouet, níbi tí ahoro ààfin àtijọ́ kan wà, yàtọ̀. Tí ẹ bá ti kọjá téńté òkè ní Tizi n'Tichka, ẹ máa yà kúrò lójú N9, ẹ máa wọlé ní nǹkan bí 20 kìlómítà, ẹ ó wá gba àfonífojì Ounila sọ̀kalẹ̀ dé Aït Benhaddou. Ọ̀nà ọlọ́dà ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ọkọ̀ jíìpù lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tóóró, ọkọ̀ méjì ní láti rọra kọjá lára ara wọn, ó sì ń fi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ kún ọjọ́ náà.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú ẹyọ kan: yálà Telouet pẹ̀lú Ounila, tàbí Ouarzazate. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ mọ́ ọjọ́ kan, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló máa ti wò wọ́n. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lóṣù Kejìlá, tí ẹ mú àgbàlagbà àti ọmọdé dání, mo fẹ́ kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ lọ tààrà sí Aït Benhaddou, kí ẹ lo wákàtí mẹ́ta gbáko níbẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀.

Bàbá_Sítíárìn

Òótọ́ ni ỌnàJíjìn sọ, ẹ jẹ́ kí n fi ti aago kún un, torí aago ló ń ba ọjọ́ jẹ́ lójú ọ̀nà yẹn.

Aago Morocco bá ti Nàìjíríà mu jálẹ̀ ọdún, àfi nínú oṣù Ààwẹ̀ tí wọ́n máa ń dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Lóṣù Kejìlá, ó fi wákàtí kan ṣáájú ti London. Lópin oṣù yẹn, oòrùn kì í yọ ní Marrakech kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ tàbí kó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ lẹ ní. Ẹ fi òkùnkùn àárọ̀ rin ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gun òkè, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ pátápátá kí oòrùn tó wọ̀.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí. Aago 7:00, ẹ ti wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bàtà ọmọ. Ọ̀nà tẹ́jú títí dé Aït Ourir, nǹkan bí 35 kìlómítà, lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 8:45, ẹ dé Taddert, ẹ dúró ìṣẹ́jú 20: ẹ mu tíì, kí gbogbo yín lọ sí ilé ìyàgbẹ́, àtẹni tí ìtọ̀ ò gbọ̀n o, torí lẹ́yìn ibẹ̀ ni àwọn kọ́nà tó le jù. 9:45, ẹ dé Tizi n'Tichka, 2,260 mítà sókè òkun. Marrakech ò ju nǹkan bí 460 mítà lọ, ẹ ti gun 1,800 mítà nìyẹn láàárín wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún fọ́tò, òtútù ò ní jẹ́ kí ẹ pẹ́. 11:15 sí 11:30, ẹ dé Aït Benhaddou. Kó tó di 14:30, kí ẹ ti padà sínú ọkọ̀. Á jẹ́ kí ẹ kọjá orí òkè lẹ́ẹ̀kejì ní nǹkan bí 16:15, kí ẹ sì wọ Marrakech nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú.

Ohun tó sábà ń dà á rú: ìdúró ìtajà lójú àlọ. Ìdúró ìṣẹ́jú 40 ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárọ̀ á di kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nínú òkùnkùn láṣàálẹ́. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tí ẹ bá fẹ́ ra ohunkóhun, ó di àbọ̀.

Ti ọkọ̀: ẹ̀yin márùn-ún, dẹ́rẹ́bà àti amọ̀nà, èèyàn méje ni. Ẹ má gba ọkọ̀ onímẹ́rin tí wọ́n á ní kí ọmọ jókòó lórí itan. Ẹ béèrè fọ́tò ọkọ̀ náà gan-an, tẹ̀yìn-tiwájú àti táyà rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ ọkọ̀ arìnrìn-àjò hàn yín. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ìjókòó ọmọdé, ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ àti ìwọ̀n kílò rẹ̀ ránṣẹ́; tí wọn ò bá ní, ẹ gbé tiyín láti London. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru ń ṣiṣẹ́ dé ìjókòó ẹ̀yìn.

Dẹ́rẹ́bà tó mọ ọ̀nà òkè á fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, kò ní máa tẹ bíréèkì láti òkè dé ilẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ òórùn jíjó, bíréèkì ti gbóná jù nìyẹn, ẹ ní kó wá ibi gbòòrò dúró kó tutù. Tó bá sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá ní kọ́nà tí kò rí iwájú, ẹ má tijú láti sọ̀rọ̀. “B'shwiya” ni Lárúbáwá Morocco fún “rọra”, ó sì máa gbọ́.

Onígègé_Àdéhùn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán ni ìyàtọ̀ dẹ́rẹ́bà àti amọ̀nà. Ní Morocco, amọ̀nà gbọ́dọ̀ ní káàdì ìjọba lọ́rùn. Dẹ́rẹ́bà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣàlàyé òkè àti ìlú fún yín nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbi tó gbé ọkọ̀ sí. Tí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín rin inú Aït Benhaddou, ó lè jẹ́ amọ̀nà tó bá yín wá láti Marrakech, tàbí ti àdúgbò tí ẹ máa pàdé níbẹ̀. Ti àdúgbò lèmi fara mọ́: owó rẹ̀ kéré, ó mọ ilé kọ̀ọ̀kan àti ìdílé tó ni ín, ìjókòó kan sì ṣófo fún yín nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí iléeṣẹ́ yín ti bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ má baà máa nájà pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò mọ̀ létí afárá.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì: pé ọkọ̀ náà jẹ́ tiyín nìkan, wọn ò ní ki ẹlòmíràn mọ́ yín; ibi tí ẹ máa dé lórúkọ lórúkọ; aago ìgbéra àti aago tí ẹ máa kúrò ní Aït Benhaddou; iye owó fún ọkọ̀ lápapọ̀, kì í ṣe fún orí kọ̀ọ̀kan; bóyá epo, amọ̀nà àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀ (oúnjẹ kì í sábà sí); àti pé kò ní sí ìdúró ìtajà àfi tí ẹ bá béèrè. Kókó kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni òjò dídì: tí ìjọba bá ti ọ̀nà Tichka pa, ṣé owó yín á padà ni, àbí wọ́n á sún ọjọ́ síwájú? Iléeṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ti owó, ọkọ̀ àdáni fún èèyàn bíi márùn-ún sábà máa ń wà láàárín 1,200 sí 2,000 dirham. Ìrìn-àjò ẹlẹ́gbẹ́ nínú bọ́ọ̀sì kékeré kéré sí i lórí èèyàn kan, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń darí aago yín níbẹ̀, kò sì dáa fún Màmá. Tí ẹnì kan bá pe ọkọ̀ àdáni ní iye tó kéré jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó orí ohun tí ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ fi dí i. Owó àsansílẹ̀ díẹ̀ tó, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà dé. Tí iṣẹ́ bá dára, 100 sí 200 dirham fún dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ọpẹ́ tó bójú mu.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yọ Telouet àti Ouarzazate kúrò. Ìbéèrè méjì: òòyì ọkọ̀ máa ń kọ lu ọmọ náà, ìyá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò mi tó bá wa lọ jẹ́ SS. Ṣé gíga òkè yẹn léwu fún wọn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ kú àmójútó wọn. Ti àbúrò yín ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ohun mẹ́ta tó ń fa ìrora fún un ló pàdé lójú ọ̀nà yìí: òtútù, àìmomi tó, àti afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ níbi gíga. Orí Tizi n'Tichka ju 2,000 mítà lọ. Òótọ́ ni pé ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kí ó bá ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lọ́jọ́ tó kù ọ̀la. Tí wọ́n bá ní kó lọ: aṣọ tó nípọn, ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ kí ó tó jáde nínú ọkọ̀ lórí òkè, tàbí kó má jáde rárá, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kó má ṣe fi ti ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ omi mu, oògùn ìrora rẹ̀ nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú búùtù. Tó bá ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn òkè yẹn, ilé ìwòsàn ńlá jìnnà síra.

Fún Màmá, tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bá ti wà ní ìkáwọ́ oògùn, gíga yẹn kì í sábà yọ èèyàn lẹ́nu. Àìsàn orí òkè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2,500 mítà lọ sókè. Kí wọ́n lo oògùn wọn lákòókò rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ ni, ẹ bi dókítà wọn léèrè nípa aago tí wọ́n máa lò ó lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n má fò ó fúnra wọn.

Òòyì ọkọ̀: ojú àti etí ọmọ kì í fohùn ṣọ̀kan ní kọ́nà, ìdí nìyẹn tó fi ń bì. Kó má wo fóònù tàbí ìwé, kó wo ọ̀nà jíjìn níwájú. Ẹ gbé e sí ìlà ìjókòó àkọ́kọ́ lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, kì í ṣe ẹ̀yìn pátápátá. Búrẹ́dì tàbí bisikíìtì díẹ̀ láàárọ̀. Ebi burú, àjẹyó náà burú, ẹyin díndín àti mílíìkì sì burú jù. Oògùn cinnarizine tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ní Bìrìtìkó, wákàtí méjì kí ẹ tó gbéra ni wọ́n ń lò ó, ìdajì ìwọ̀n àgbà ni ti ọmọ ọdún 5 sí 12. Ẹ jẹ́ kí apòògùn rí àkọsílẹ̀ oògùn ọmọ ná, torí ó ń múni sùn. Ẹni tó bá lò ó lẹ́yìn tí èébì ti bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́. Atalẹ̀ gbígbẹ tàbí súìtì rẹ̀ ń ran àgbà lọ́wọ́. Ẹ mú báàgì ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin tí kò lu dání, àti aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ.

Amọlé_Ọmọ_Ìbàdàn

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ fọ́tò ni wọ́n ń yà níbẹ̀ láìmọ ohun tó wà níwájú wọn.

Aït Benhaddou kì í ṣe ààfin ẹnì kan. Ksar ni, ìyẹn abúlé olódi. “Aït” lédè Amazigh dà bí “ọmọ” nínú “ọmọ Olúyọ̀lé”: ọmọ Ben Haddou ni orúkọ náà. Ilé ńlá tó ní ilé ìṣọ́ ní igun rẹ̀, mọ́sálásí, gbàgede ìlú, ibi ìpakà, ilé ìsùn àwọn oníṣòwò ràkúnmí, itẹ́ òkú Mùsùlùmí àti ti àwọn Júù, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àká ìlú sì wà lórí téńté òkè tí wọ́n ti lè rí ọ̀tá bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ilé tó wà níbẹ̀ lónìí kò dàgbà ju ọ̀rúndún kẹtàdínlógún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ wọn ti pẹ́ jùyẹn lọ. UNESCO fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1987.

Ẹ wo ògiri rẹ̀ dáadáa. Nílẹ̀ wa, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún amọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n ní ìpele, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí ìpele kejì tó gùn ún. Níbẹ̀, wọ́n á to pákó méjì dojú kọra, wọ́n á da erùpẹ̀ tó rin díẹ̀ tó ní òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín, wọ́n á sì fi igi gún un títí á fi le. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú pákó, wọ́n á gbé e síwájú. Àwọn ihò kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára ògiri ni ibi tí igi tó di pákó náà mú wà. Lókè, níbi tí ẹ ti rí iṣẹ́ ọnà, wọ́n yí padà sí búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n po koríko gbígbẹ mọ́, tí oòrùn sá, torí ó fúyẹ́, ó sì gba àrà. Ògiri nípọn nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Òrùlé jẹ́ igi, ẹní esùsú, àti amọ̀ lórí.

Ọ̀tá rẹ̀ tó le jù ni omi. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ògiri rẹ́ pẹ̀lú amọ̀ àti koríko. Ilé tí olówó rẹ̀ ti kó lọ sí abúlé tuntun lódìkejì odò, ọdún díẹ̀ ni òrùlé fi ń jìn. Sìmẹ́ńtì ò ràn án lọ́wọ́, torí kì í bá amọ̀ mí, omi á sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣí papọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdílé díẹ̀ ló ṣì ń gbé inú ksar. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 2023 tún fọ́ apá kan níbẹ̀, ó sì ba Telouet jẹ́ ju ibẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má gun orí ògiri, ẹ má fara ti igun tó ti sán, ẹ má wọ ilé tí wọ́n bá dí ẹnu rẹ̀.

Kí nìdí tí odi fi wà níbẹ̀? Ọ̀nà iyọ̀ àti wúrà ni. Àwọn oníràkúnmí tó ń bọ̀ láti ìhà gúúsù aṣálẹ̀, láti ilẹ̀ àwọn baba ńlá Mali òde òní, gba àfonífojì Ounila gun òkè lọ sí Marrakech. Wúrà wà nínú ẹrù wọn, àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú náà sì wà níbẹ̀. Ó yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Marrakech yìí náà ni Sultan Ahmad al-Mansur ti rán ogun la aṣálẹ̀ já, tí wọ́n ṣẹ́gun Songhay ní Tondibi ní 1591.

Fún ẹni tó bá máa lọ sí Telouet lọ́jọ́ iwájú: ibẹ̀ ni ìdílé Glaoui ti ń ṣàkóso ọ̀nà orí òkè. Ní 1893, òjò dídì ká Sultan Hassan I àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mọ́ orí òkè. Madani El Glaoui gbà wọ́n lálejò, ó bọ́ wọn, Sultan sì fún un ní ìbọn ńlá Krupp kan. Ìbọn yẹn ló sọ ọ́ di alágbára láàárín àwọn ìjòyè òkè. Àbúrò rẹ̀, Thami, di Pasha Marrakech, ó bá Faransé ṣe, ó lọ́wọ́ nínú yíyọ Sultan Mohammed V lórí oyè ní 1953; ọba padà dé ní 1955, Thami kú ní oṣù Kìn-ín-ní 1956, ìjọba sì gba dúkìá ìdílé náà. Ìdí tí ààfin ńlá bẹ́ẹ̀ fi di ahoro nìyẹn. Ẹ béèrè ná bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọlé.

ỌnàJíjìn

Ẹ ṣeun, Amọlé. Mo fẹ́ fi rírìn inú rẹ̀ kún un. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ Aït Benhaddou. Gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wọlé. Tí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ilé rẹ̀ tó ní ẹ san 10 tàbí 20 dirham, ilé rẹ̀ lẹ ń sanwó láti wò, kì í ṣe ìlú. Ó yẹ fún ẹni tó fẹ́ rí inú ilé, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Láti afárá dé àká lókè, ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ le. Àtẹ̀gùn òkúta tí kò dọ́gba ni, kò sí ibi ìdìmú, eruku rẹ̀ sì ń yọ̀. Bàtà tó ní eyín, kì í ṣe sálúbàtà. Fún Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn dé ìsàlẹ̀ ksar, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ẹnì kan wá bá wọn padà sí ilé tíì tó ní pẹpẹ lókè ní abúlé tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ksar ti hàn tán, kò sí ibi tó dára jù ú fún fọ́tò. Èrò pọ̀ jù láàárín aago 11 sí 2. Ẹ gun òkè lọ́gán tí ẹ bá dé, kí ẹ jẹun lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń jẹun kí wọ́n tó gùn.

Omi lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kódà lóṣù Kejìlá. Ẹni tó bá máa lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn (oṣù Keje, Kẹjọ) kó ṣètò kó dé ibẹ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá, torí ooru máa ń dé 40 lọ́hùn-ún, kò sì sí ibòji.

Alhaja_Onírìn

Ẹ kú ìjíròrò o. Díẹ̀ nípa ọjà, oúnjẹ àti ìsìn.

Òróró argan: wọ́n máa gbé yín dúró níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ọ́. Igi argan kì í hù lójú ọ̀nà yìí o. Ìhà Souss àti Essaouira ló ti ń wá. Ìyẹn ò ní kó jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lórí òkè kò ní ìdí tó fi yẹ kó ju ti Marrakech lọ. Àwọn òkúta mèremère tí wọ́n ń nà sí ọkọ̀ lẹ́nu kọ́nà, pàápàá èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dán bíi fàdákà nínú, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù ló pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi omi àti tíṣù nù ún. Tó bá fi àwọ̀ sílẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ má sì jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà dúró ní kọ́nà torí òkúta.

Dirham kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nílẹ̀ wọn, nítorí náà ẹ ṣẹ́ owó ní Marrakech lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì ní owó wẹ́wẹ́: 5, 10 àti 20. Káàdì ò ṣeé gbọ́kàn lé lẹ́yìn òkè. Owó ẹyọ 2 sí 5 dirham fún ilé ìyàgbẹ́, àti tíṣù tiyín.

Oúnjẹ: tajine àti couscous ni, kò ní ata bí tiwa. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò lè gbà bẹ́ẹ̀, kó mú ata gígún díẹ̀ dání. Ẹ má pa á láṣẹ pé ibi kan ṣoṣo tí dẹ́rẹ́bà mú yín lọ ni ẹ máa jẹ. Ẹ wo iye owó lára pátákó ná kí ẹ tó jókòó.

Fún àwa Mùsùlùmí, ìrìn-àjò yìí jìn ju ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dín ìrun kù lọ. Ìlànà ìsìn Mọ́líkì (Maliki) ni wọ́n ń tẹ̀ lé bí tiwa, kò sí ohun tó máa ṣàjèjì ju pé ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìrun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ mọ́sálásí níbẹ̀, kí ẹ má bínú sí amọ̀nà tó bá dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú Ààwẹ̀, ilé oúnjẹ àlejò ń ṣí, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ti gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀, ó sì fẹ́ dé ilé kí ó tó di ìṣínu. Ẹ gbéra ní aago 6 kí ara lè rọ gbogbo yín.

Onígègé_Àdéhùn

Nípa ìwé: pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó kò nílò físà fún ọjọ́ 90. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó tó ṣì lágbára lè béèrè e-visa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ka àwọn ohun tí wọ́n béèrè fún kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí gbogbo yín mú pásípọ́ọ̀tù gan-an dání lọ́jọ́ náà, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù. Àwọn jandámà (ọlọ́pàá ojú ọ̀nà) ń dúró lójú N9, wọ́n sì lè béèrè ìwé, pàápàá lọ́wọ́ àwa aláwọ̀ dúdú tí wọn ò mọ ibi tí a ti wá. Ẹ fi í hàn wọ́n ní pẹ̀lẹ́tù, dẹ́rẹ́bà á bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ya fọ́tò wọn. Ẹ má gbé dúróònù wọ Morocco rárá, wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀ òfurufú.

Àdùkẹ́_Peckham

Ìbéèrè ìkẹyìn o. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n ti ọ̀nà pa nítorí òjò dídì ńkọ́?

Bàbá_Sítíárìn

Irin ìdènà wà lójú ọ̀nà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì òkè, wọ́n máa ń tì í láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta nígbàkígbà tí òjò dídì bá pọ̀. Nígbà mìíràn wákàtí díẹ̀ ni, nígbà mìíràn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi ìrìn-àjò yìí sí ọjọ́ kejì nínú ọjọ́ mẹ́rin yín, kì í ṣe ọjọ́ kẹrin. Tí wọ́n bá tì í, ọjọ́ kẹta ṣì wà. Tí wọ́n bá sì tì í lẹ́yìn tí ẹ ti kọjá, tí ẹ ní láti sun Ouarzazate, ọkọ̀ òfurufú yín kò tíì lọ. Fún ìdí yìí kan náà, oògùn ọjọ́ méjì ni kí Màmá àti àbúrò yín mú dání, àti ṣájà fóònù.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí dẹ́rẹ́bà pé kó bá àwọn dẹ́rẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè sọ̀rọ̀. Àwọn ló máa ń mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ tún bi í ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tí ọ̀nà bá ti tì, ẹ má gbà kí ó gbé yín gba Tizi n'Test, ọ̀nà orí òkè mìíràn, dípò rẹ̀: ó jìn, ó tóóró jù, àgbègbè tí ìmìtìtì ilẹ̀ 2023 ti bà jẹ́ jù ló sì gbà kọjá. Ẹ lọ sí àfonífojì Ourika tàbí ilẹ̀ olókùúta Agafay, tí kò jìn sí Marrakech, kí ẹ sì tún gbìyànjú Tichka lọ́jọ́ kejì.